Ẹrù Kò Wọ́n, Ọ̀nà Ló Wọ́n: Bí Mo Ṣe Gbé Ẹsẹ̀ Kẹ̀kẹ́ Tinúadé Kọjá Ibodè Mẹ́ta

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa ẹ̀gúsí lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi, ẹ kú ọwọ́. Ẹ má dá ọwọ́ dúró, etí nìkan ni mo fẹ́ yá. Bí ẹnì kan bá ń tòògbé, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fi èèpo ẹ̀gúsí rin ín nímú, nítorí ìtàn tí mo fẹ́ sọ yìí, ẹsẹ̀ mi ni mo fi rìn ín, ìdí mi ni mo sì fi ra ọjà inú rẹ̀, bí ẹ ó ti gbọ́.

Èmi ni Ọdẹ́bùnmi Àwẹ̀ró, ọdẹ obìnrin, ìyá àgbà àwọn ìpáǹle ọmọ tí ẹ rí tí wọ́n ń ba ilé jẹ́ yìí. Èmi ni mo wo ẹfọ̀n lójú tí ẹfọ̀n kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Èmi ni mo súfèé nínú Igbó Àìwẹ̀yìn tí àwọn iwin gbé àga jáde pé kí n jókòó kí wọ́n lè sá lọ ní àlàáfíà. Ẹ wò mí lónìí! Bí mo bá fẹ́ dìde, mo ní láti kọ́kọ́ bẹ orúnkún ọ̀tún, kí n tó bẹ ti òsì. Bí àwọn méjèèjì bá sì gbà tán, ìbàdí á ní òun kò sí ní ìpàdé náà.

Kí n tó gbéra, ẹ mọ èyí: ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹnu mi kò lè pè. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Òun ni orúkọ nǹkan tí í gun ènìyàn lẹ́yìn nígbà tí ó bá ṣe ohun tí kò dára sí ọmọlàkejì rẹ̀, tí kì í sọ̀ kalẹ̀ bó ti wù kí a gbọn ara tó.

"Ẹ̀bi ni, Màmá?"

Ràfátù ìyàwó ọmọ mi nìyẹn. Ẹnu rẹ̀ yá ju ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ẹ wo ìwọ̀nba ẹ̀gúsí tó ti pa. Ìwọ lo pè é o, ìyàwó, òun náà ni. Bí mo bá dé ibi tí mo ti nílò rẹ̀, ìwọ ni yóò máa bá mi pè é. Ẹ ó gbọ́ ibi tí tèmi há sí.

Gbogbo yín mọ Tinúadé agbẹ̀bí. Èyí tó pọ̀ jù nínú yín, ọwọ́ rẹ̀ ni ẹ bọ́ sí kí ẹ tó mọ̀ pé ayé ń tutù. Nígbà tí ó dé ìlú yìí, kò ní bàbá níbí, kò ní ìyá, kò ní ọkọ. Kẹ̀kẹ́ kan ló gùn wọ̀lú. Ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ kúrú ju ọ̀tún lọ láti kékeré. Bí ó bá ń rìn, ìgbín á ní kí ó yẹ̀ fún òun. Ṣùgbọ́n bí ó bá gun kẹ̀kẹ́ yẹn, ẹ óò kàn rí eruku ni, agogo á ní gbíńrín, ẹ óò sì gbọ́ pé ó ti gbẹ̀bí ní oko tí ẹnikẹ́ni nínú yín kò lè rìn dé kí oòrùn tó wọ̀.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Ọmọ́tóyè, aya olóko Ajítóní, wà nínú oyún kẹta. Méjì àkọ́kọ́ kò dúró, nítorí ìrọbí bá a lójijì, oko Ajítóní jìn, àwọn obìnrin tó sì wà nítòsí kò mọ ohun tí wọn ó ṣe. Tinúadé wá di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní, "Ọmọ́tóyè, ẹ̀kẹta yìí kò ní bọ́. Ìgbàkígbà tí o bá ránṣẹ́, kí o tó mí lẹ́ẹ̀mejì, wàá gbọ́ agogo mi." Gbogbo ìlú gbọ́. Èmi náà gbọ́, mo pàtẹ́wọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni mò ń bọ̀ láti igbó, ọwọ́ mi ṣófo, ojú sì ń tì mí, nítorí láàárọ̀ ni mo ti fọ́nnu fún gbogbo àdúgbò pé kí wọ́n gbé ìkòkò kaná dè mí. Mo dé ẹ̀bá ọ̀nà Ajítóní, mo rí ojú kan ṣoṣo tó ń pọ́n dẹ̀dẹ̀ láàárín ewé. Mo rí ìwo méjì tó tẹ̀ sẹ́yìn lókè rẹ̀. Mo ní háà! Ojú rèé, ìwo rèé, ọbẹ̀ ti dé! Mo fa ìbọn. Ó ní gbòlà! Ẹran náà kò sá, kò bú. Ó ní gbíńrín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì wó lulẹ̀. Mo fa ọ̀bẹ yọ, mo sáré lọ láti dúńbú rẹ̀. Ẹ̀yin ará ilé mi, mo ti gbé ọ̀bẹ lé táyà lọ́rùn kí n tó mọ̀ pé kẹ̀kẹ́ ni.

Ẹ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in dáadáa. Èmi náà ń bá yín rín in, ikùn mi ń mì. Ọdẹ tó wo ẹfọ̀n lójú, òun ló pa kẹ̀kẹ́ agbẹ̀bí!

Ìgbà náà ni Tinúadé jáde láti ẹ̀yìn igbó níbi tí ó ti lọ tọ̀, ó ṣì ń so ìró mọ́ ìbàdí. Ọ̀dọ̀ Ọmọ́tóyè ló ti ń bọ̀. Ó wo kẹ̀kẹ́. Ó wò mí. Ó wo ọ̀bẹ ọwọ́ mi. Ọta ìbọn ti fọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ yángá, ó ti já ṣéènì sí méjì, agogo ti di àfọ́kù.

Ó ní, "Kò burú, Àwẹ̀ró."

Ó fa igi kan yọ, ó ń fi í tilẹ̀, ó sì ń tiro lọ sílé.

Ì bá ṣe pé ó bú mi! Ì bá ṣe pé ó ní, "Ìwọ àgbàyà yìí, ṣé ojú rẹ fọ́ ni?" Ǹ bá bú u padà, a ó jọ wọ̀yá ìjà, ẹnì kan á là wá, ọ̀rọ̀ á parí. Ṣùgbọ́n "kò burú" yẹn tẹ̀ lé mi délé. Ó bá mi jókòó ti oúnjẹ, ó kọ́kọ́ bu òkèlè. Mo bá gbé òkú kẹ̀kẹ́ náà tọ Lámídì tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe lọ. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, ó ṣu ẹnu.

"Màmá, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yìí kì í ṣe ti ìhín. Kò sí ìkankan nílẹ̀ wa tí yóò bá a mu. Ó di Ìlú Ayíbírí, lẹ́yìn ibodè mẹ́ta."

"Ṣé ó wọ́n?"

"Ẹrù kò wọ́n. Ọ̀nà ló wọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo ní ọ̀nà wo ló wọ́n fún ọdẹ? Mo gbé ìbọn kọ́ èjìká, ó di inú igbó.

Mo la Igbó Òkè-di-Ìsàlẹ̀ kọjá, níbi tí gbòǹgbò igi ti ń jẹ afẹ́fẹ́ lókè, tí ẹyẹ ń kọ́ ìtẹ́ sínú ihò ilẹ̀. Mo kọjá láàárín àwọn iwin tí wọ́n ń ta òjìji ara wọn lọ́jà. Mo sì dé àwọn ibodè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Oníbodè kìíní kí mi kú ìrìn. Ẹlẹ́ẹ̀kejì bu omi fún mi mu. Ẹlẹ́ẹ̀kẹta tilẹ̀ bá mi tún gèlè mi wé. Mo ní ẹ wo ọmọlúwàbí ènìyàn! Òmùgọ̀ ni mí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ṣòwò ọ̀nà jíjìn mọ̀ ọ́n: ọwọ́ òfo kò ní ibodè. Bí o bá ń lọ, wọn á fi eyín rín ọ lẹ́rìn-ín. Bí o bá ń bọ̀ pẹ̀lú ẹrù, eyín kan náà ni wọn ó fi bù ọ́ jẹ.

Ní Ìlú Ayíbírí, kò sí ẹni tó ní ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni Ẹlẹ́dàá fi sí wọn nídìí. Wọ́n ń yí wọ ilé, wọ́n ń yí jáde, àwọn ìyàwó ń yí tọ ọkọ, àwọn ọkọ ń yí sá fún ìyàwó. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ wọn ń yí mi ká bó ti ń bá mi sọ̀rọ̀, débi pé gbogbo gbólóhùn rẹ̀ kìkì ìbẹ̀rẹ̀ ni mo gbọ́. Ìparí á ti bọ́ sí ẹ̀yìn mi.

Mo ní mo fẹ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kan, ṣéènì kan, agogo kan. Ó kó wọn wá lójú ẹsẹ̀. Mo bi í ohun tí n ó san.

Ó ní, "Ìyá, láti ìgbà tí a ti dá ìlú wa, a kò tíì rí ẹni tó dúró sójú kan. A gbọ́ pé nǹkan kan wà tí ẹ ń pè ní ìjókòó. Ẹ ṣe é kí a wò."

Ẹ̀yin ará mi, mo wá ibi tó tẹ́jú, mo tú ìró mi ká, mo sì gbé ìdí mi kalẹ̀ gbì! Gbogbo ìlú hó yè. Àwọn arúgbó wọn sunkún. Ọ̀gá alágbẹ̀dẹ ní irú nǹkan ẹlẹ́wà báyìí kò sí. Ìdí yìí náà ni o, ìdí tí ọkọ mi olóògbé sọ pé ó ti fẹ̀ ju àga ilé lọ, òun ni mo fi ra ọjà. Mo ní Lámídì, ṣé o rí i? Ẹrù kò wọ́n lóòótọ́!

Mo kó ẹrù, mo yí padà. Ibẹ̀ ni ẹ̀rín mi ti tán.

Oníbodè àkọ́kọ́ lábọ̀, Kí-Lo-Gbé ni orúkọ rẹ̀. Imú rẹ̀ gùn bí ọmọ odó, ọ̀fìnkìn sì dí i. Mo ti ń kánjú, mo ń ka oṣù Ọmọ́tóyè lórí. Ó bi mí, "Ìyá ọdẹ, kí lẹ̀rù yín?"

N kò jẹ́ kí ó pa ẹnu dé. Mo ní, "Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ṣéènì, àti agogo."

Ó la ojú sí mi. "Odindi ọdẹ! Nǹkan mẹ́ta yìí?"

"Àwọn náà ni. Kò sí òmíràn."

"Ó dára. Ohun tí ènìyàn bá jẹ́wọ́ níbí, a máa ń tú u wò."

Ó pàtẹ́wọ́. Háà! Ṣéènì náà ká ara rẹ̀ sókè, ó di erè, ó la ẹnu tó gba ewúrẹ́. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ náà dìde, ó ga ju ilé lọ, gbogbo irin tẹ́ẹ́rẹ́ inú rẹ̀ di ọ̀kọ̀, ó sì ń yí bọ̀ wá bá mi. Agogo náà la ohùn bí ìyá tí wọ́n kó lọ́mọ. Mo sá! Mo gun igi ọ̀pẹ láìní igbà. Ibi tí mo ti ń gùn ún ni omi ti ń dà lára mi, kì í sì í ṣe òógùn nìkan, ẹ má bi mí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láti orí ọ̀pẹ ni mo ti ké, "Oníbodè! Kí lo tilẹ̀ bi mí ná?"

"Ẹ̀rù ni mo bi yín, ẹ ń ka ẹrù fún mi! Mo ní kí lẹ̀rù yín. Kí ló ń já yín láyà?"

Ẹ kò rí i bí? Ohùn kan ṣoṣo tó wálẹ̀ díẹ̀, òun ló gbé mi sórí ọ̀pẹ. Mo bá sọ òtítọ́. Mo ní, "Ẹ̀rù mi ni pé kí Ọmọ́tóyè rọbí kí n tó délé. Kí Tinúadé gbọ́, kí ó sì máa wo ẹsẹ̀ rẹ̀ tó kúrú. Kí ọmọ náà bọ́, kí gbogbo ayé sì má bi mí ní nǹkankan, nítorí Tinúadé á tún sọ pé kò burú."

Bí mo ṣe sọ ọ́ tán ni erè náà ṣubú, ó di ṣéènì. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ súnkì. Agogo dákẹ́. Kí-Lo-Gbé nu imú, ó ní, "Ẹ̀rù gidi nìyẹn. Ẹ ó san ohùn ìbọn yín." Ó nawọ́ sẹ́nu ìbọn mi, ó fa ohùn rẹ̀ yọ bí ẹni fa ìgbín yọ nínú ìkarahun, ó sì gbé e mì. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá yìnbọn, yóò kàn ní "fúù" bí ẹni fẹ́ná ni. Bí ẹ bá sì gbọ́ àrá nígbà tí kò sí òjò, òun ló ń fi ohùn ìbọn mi wúkọ́.

Ibodè kejì, ìyẹn kò lu ènìyàn, kò sì bú ènìyàn. Oníbodè ibẹ̀ jókòó sórí òkìtì ẹrù àwọn ẹlòmíràn tó ti dógùn-ún. Mo kí i. Ó ní, "Dúró ná." Mo dúró. Mo tún kí i. Ó ní, "Ọ̀gá ń jẹun." Mo ní ta ni ọ̀gá? Ó ní, "Èmi ni, ṣùgbọ́n n kò tíì parí." Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí àwọn òkìtì ọ̀gán gẹrẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn sọ̀rọ̀ jáde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti pe orúkọ mi?" Àwọn ẹlẹ́rù tó ti ń dúró ni! Mo wo ilẹ̀, ikán ti ń mọ yẹ̀pẹ̀ bò mí títí dé orúnkún.

Mo ní Àwẹ̀ró, bí o bá kú síbí, Tinúadé yóò rò pé o sá lọ ni. Mo bá gbé àlọ́ kan kalẹ̀. Mo ní, "Oníbodè, ó dájú pé o mọ èyí: àbúrò ń lé ẹ̀gbọ́n láti àárọ̀ dọjọ́ alẹ́. Kò bá a, kò sì fi í sílẹ̀. Ọjọ́ tí àbúrò bá dúró, ẹ̀gbọ́n kò lè lọ."

Ó dá oúnjẹ dúró. Ó ro ó títí. Ó ní, "Kí ni?"

Mo ní, "Dúró ná."

"Ìyá, ẹ sọ ọ́!"

"Mò ń jẹun."

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í họ orí, ó ń họ ìdí, ó sọ̀ kalẹ̀ lórí òkìtì, ó ṣí ibodè gbayawu pé kí n sọ ọ́ kí n máa lọ. Ìgbà tí ẹsẹ̀ mi kejì ti jáde tán ni mo pariwo padà pé, "Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ àti ẹsẹ̀ iwájú!" Mo yọ̀, mo jó díẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé etí odò láti mu omi, ẹni tó wò mí padà láti inú omi, n kò mọ̀ ọ́n. Irun dúdú ni mo gbé wọ ibodè yẹn. Òwú ni mo gbé jáde.

Ó wá ku ibodè kẹta, ti Ìlú Ohùn-Kan. Ẹ má gbójú kúrò lára mi o.

Ní ìlú yẹn, ohùn ènìyàn kì í lọ sókè, kì í wálẹ̀. Bí ilẹ̀ tí a gbá tí a tún fi igbá họ ni ọ̀rọ̀ wọn ṣe tẹ́jú. Olórí ibodè wọn, obìnrin jẹ́jẹ́ kan, kí mi, ó bi mí ta ló ni ẹrù, mo dárúkọ Tinúadé. Ó ní, "Iya ọdẹ, ẹ ku irin. Ofin wa ko le. Ẹni ti o ba gbe ẹru lọ fun ẹbi kan ko ni i san nnkan. Ẹru miiran yoo san. Tinuade ti ẹ gbe e fun yii, ki ni o wa laarin ẹyin mejeeji?"

Ohun tó wà láàárín wa, gbogbo yín ló mọ̀ ọ́n. Ìyàwó, pè é.

"Ẹ̀bi, Màmá."

Òun ni. Ṣùgbọ́n mo ronú wò. Àwọn wọ̀nyí kò mọ òkè, wọn kò mọ ìsàlẹ̀. Lẹ́nu wọn, ọ̀rọ̀ yẹn àti ẹbí tí a bá jọ jẹ́ ará ilé, ọ̀kan náà ni. Mo bá tẹ́ ohùn mi pẹrẹsẹ bíi tiwọn. Mo ní, "Ẹbi ni."

Wọ́n yọ̀ mọ́ mi! Wọ́n fi omi gbígbóná wẹ ẹsẹ̀ mi, wọ́n gbé ẹrù mi rù, wọ́n sìn mí dé ẹ̀yìn odi, wọ́n ń pè mí ní "Iya onifẹẹ". Orúkọ yẹn wọ̀ mí lára bí ẹ̀gún. Bí wọ́n ṣe padà lẹ́yìn mi báyìí, mo gbé ẹrù, kò gbé. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ tí mo ti ń fi ìka kan gbé láti Ìlú Ayíbírí rì wọ ilẹ̀ dé àárín. Mo wọ́ ọ, mo tì í, mo bú u, mo bẹ̀ ẹ́. Ẹlẹ́rù ní í kọ́kọ́ gbé e kí a tó bá a ké ọfẹ. Èmi ẹlẹ́rù kò sì lè gbé e. Ẹrù ti di èrú mọ́ mi lọ́wọ́. Odindi ọjọ́ kan ni mo lò pẹ̀lú rẹ̀ níbẹ̀, n kò ju jíju òkò kan lọ sí ẹnu odi.

Nígbà tí ó yá, mo padà lọ bá obìnrin jẹ́jẹ́ náà. Ó ní, "Iya, ki lo de?"

Mo ní, "Ọ̀rọ̀ tí mo sọ fún yín, méjì ló wà nínú rẹ̀. Èyí tí ẹ gbọ́ kọ́ ni tèmi. Ẹ gbọ́ tèmi." Mo sì pè é fún wọn bí àwọn baba wa ṣe ń pè é. Ìyàwó, gbé e!

"Ẹ̀-bi!"

Ẹ gbọ́? Ẹ gbọ́ bí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ti lọ sílẹ̀? Láti ìgbà tí a ti dá ìlú wọn, ohùn kò tíì wálẹ̀ níbẹ̀ rí. Àwọn kan di ògiri mú kí wọ́n má baà ṣubú sí i. Ajá ìlú bẹjú wo ibẹ̀, ó gbó. Olórí ibodè jókòó lulẹ̀, ó ní, "Iya, ọrọ yin ni koto ninu." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, inú kòtò yẹn ni mò ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti yìnbọn sí kẹ̀kẹ́.

Wọ́n forí korí. Ó ní, "Ẹyin lẹ wa sọ ọ funra yin, a ko ni i gba pupọ. Koto yẹn nikan ni a o gba." Wọ́n sì gbẹ́ ìsàlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́fun mi. Mo gbọ́ pé òun ni wọ́n fi ṣe kànga. Olóòótọ́ ènìyàn ni wọ́n, wọn kò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ mi kúrú. Ohun tí wọ́n gbà nísàlẹ̀, wọ́n fi irú rẹ̀ kún un lókè. Mo ní ẹ ṣeun. Mo rò pé nǹkan kékeré ni wọ́n gbà. Ta ló ń fi ọ̀rọ̀ yẹn jẹun?

Ẹrù fúyẹ́. Mo sáré wọ ìlú. Lámídì de ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́ra, ó gbé ṣéènì kọ́, ó so agogo. Mo tì í dé ẹnu ọ̀nà Tinúadé, mo ké sí i láti òkèèrè bí olórí ogun. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Aládùúgbò rẹ̀ yọjú, ó ní, "Ọkọ Ọmọ́tóyè ló wá láàárọ̀ yìí. Màmá agbẹ̀bí fi ẹsẹ̀ rìn tẹ̀ lé e."

Láàárọ̀ yìí! Ọjọ́ kan ṣoṣo, èyí tí mo fi èrú jẹ lẹ́yìn odi Ohùn-Kan, òun ni kò jẹ́ kí n bá Tinúadé nílé.

N kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé mi. Ọjọ́ náà ni mo gùn ún. Mo bọ́ sí kòtò, mo jáde. Mo gun orí adìẹ méjì àti aṣọ tí ẹnì kan sá. Mo gbá igi, mo ní "ẹ pẹ̀lẹ́" fún igi. Agogo ń dún gbíńrín gbíńrín, kì í ṣe pé mo fẹ́, kòtò ọ̀nà ló ń lù ú. Bí mo ṣe dé etí oko Ajítóní ni mo gbọ́ ẹkún. Mo sọ kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, mo di etí. N kò fẹ́ mọ irú ẹkún tí ó jẹ́.

Ọmọ tuntun ni. Ọmọbìnrin, ohùn rẹ̀ tó ohùn ìbọn mi àtijọ́.

Tinúadé jókòó síwájú ahéré, ó na ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ sílẹ̀. Ó wú bí iṣu, kókósẹ̀ kò sí mọ́. Ẹsẹ̀ yẹn kò gbé e láti ọjọ́ náà títí dòní. Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó ti mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, ó fi ẹsẹ̀ san án. Ó wo kẹ̀kẹ́ tó ń dán níwájú rẹ̀. Ó wo irun funfun orí mi. Mo rí i tí ẹnu rẹ̀ ń ṣí láti sọ "kò burú", mo bá yára kúnlẹ̀.

Mo ní, "Tinúadé, ẹbí mi ni."

Mo gbọ́ ọ létí ara mi. Mo tún un pè. "Ẹbí mi ni!" Mo fi ọwọ́ ti ohùn mi sísàlẹ̀ láti àyà, mo tẹ orí ba, mo fi àgbọ̀n kanlẹ̀. "Ẹbí! Ẹbí! Ẹbí mi ni, Tinúadé!" Òógùn bò mí. Ọ̀rọ̀ tí mo rìn ibodè mẹ́ta láti wá sọ, owó ọ̀nà ni mo ti fi san.

Ó wò mí. Ẹni tó dé ìlú wa láìní ẹnì kan.

Ó ní, "Kì í ṣe èyí lo fẹ́ sọ."

Mo mi orí pé kì í ṣe òun.

"Èyí tí o fẹ́ sọ kọ̀, kò jáde?"

Mo gbọn orí pé kò jáde.

Ó na ọwọ́, ó gbé e lé mi lọ́fun jẹ́jẹ́, bí ó ṣe ń gbé e lé ikùn aboyún. Ó ní, "Àwẹ̀ró, ohun tí kò bá lè jáde fúnra rẹ̀ ni iṣẹ́ mi. Ẹsẹ̀ ló kọ́kọ́ yọ, kò fi orí sọlẹ̀. A kì í fi ipá fà á, á ya ìyá rẹ̀. Fi í sílẹ̀ kí ó yí." Ó wá wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ó wo kẹ̀kẹ́, ó ṣu ẹnu. "Ta ni yóò wá máa gun irin yìí?"

Ẹ ti mọ ìyókù. Ìdí tó ra ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, òun náà ló ń gùn ún.

Ẹ dákẹ́ ná. Ẹ gbọ́ agogo yẹn níta? Tinúadé ló ń tẹ̀ ẹ́ yẹn. Ẹnì kan ń rọbí. Ràfátù, bá mi gbé ìró mi. Orúnkún ọ̀tún, jọ̀ọ́. Ìwọ ti òsì, má dójú tì mí. Ẹ parí ẹ̀gúsí, ẹ má sì jẹ́ kí adìẹ jẹ ẹ́. Mo mọ bí yóò ṣe rí lójú ọ̀nà, bó ti ń rí láti ọdún wọ̀nyí wá. N ó máa tẹ kẹ̀kẹ́, òun á jókòó sẹ́yìn mi, á di ìbàdí mi mú. Bí a bá dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ajítóní, níbi tí mo ti yìnbọn, n ó ní, "Tinúadé."

Á ní, "Hùn?"

N ó gbìyànjú rẹ̀. N ó ní, "Ẹbí mi ni."

Á fi etí sí i dáadáa, á gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́, á ní, "Kò tíì fi orí sọlẹ̀. Máa tẹ̀ ẹ́ lọ."